Ọ̀rọ̀ Ìyànjú lórí Gíà Ọkọ̀ àti Owó Àjọ



Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní ọdún 1907, kò yà sí Iléṣà. Orí ènìyàn, àti lẹ́yìn náà mọ́tò, ni ó ń gbé kòkó wa lọ bá a. Láti ìgbà náà ni owó Ìjẹ̀ṣà ti ń wọ inú ọkọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń jiyàn irú ọkọ̀ tí ó yẹ kí a fi owó àjọ rà, a kò lè dákẹ́.

Gíà ni ó ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì fún táyà. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè lójú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, agbára ni ó ń fẹ́ ju eré lọ. Gíà tí a ń fi ọwọ́ yí dàbí àkàbà: ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń gbé. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń wá gíà tí kò ní ìgbésẹ̀, tí yóò dàbí ọ̀nà tí ó rọra ga.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà. Hub van Doorne, ará Holland, lo bẹ́líìtì láàárín kẹ̀kẹ́ méjì tí ń ṣí tí ó sì ń pa dé. Ọkọ̀ DAF 600 gbé e jáde ní ọdún 1958. Rọ́bà ni bẹ́líìtì náà nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi irin ṣe é. Ọ̀nà kejì ni ti Charles Hunt, tí ó gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1877. Àwo irin méjì kọjú sí ara wọn, inú wọn jìn bí igbá, àwọn róólà sì ń dagun láàárín wọn. Epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó ń gbé agbára kọjá. Bí a bá so gíà mìíràn mọ́ ọn, ọkọ̀ lè dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì so mọ́ táyà.

Lórí èyí ni àwọn olówó Ìlú Ọba fi jiyàn. Torotrak, ilé iṣẹ́ olóróólà, wọ ọjà ìpín ìdókòwò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1998. Àwọn kan wí pé róólà lè gbé ẹrù wúwo ju bẹ́líìtì lọ, yóò sì dín epo kù. Àwọn mìíràn dáhùn pé ẹni tí kì í ṣe ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹnu ọ̀nà aṣe-ọkọ̀ ni yóò máa dúró sí; àti pé àwọn onígíà ìgbésẹ̀ kò sùn. Nissan ta ọkọ̀ olóróólà láti ọdún 1999, ṣùgbọ́n ó padà sí bẹ́líìtì. Ní ọdún 2017, Torotrak kógbá sílé. Ẹ̀rọ náà dára. Àwọn tí yóò rà á ni kò pọ̀ tó.

Kí ni èyí kọ́ wa? Àwọn bàbá wa òṣómàáló a máa ta aṣọ ní àwìn, ṣùgbọ́n wọn a kọ́kọ́ mọ ilé ẹni tí yóò jẹ wọ́n ní gbèsè. Kí a tó fi owó sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun mẹ́ta: ta ni yóò rà á? Ta ni yóò tún un ṣe ní Òṣogbo tàbí Iléṣà? Ta ni òfò yóò bọ́ sí lọ́rùn?

Ọkọ̀ oníbẹ́líìtì rọrùn fún ẹni tí ń wà á lọ sí ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n epo tirẹ̀ yàtọ̀. Bí mẹkáníìkì bá da epo mìíràn sí i, ó lè bàjẹ́. Ẹrù àpọ̀jù lórí òkè a sì máa mú un gbóná. Fún ọkọ̀ akérò àjọ, gíà afọwọ́yí ni àwa dìbò fún, nítorí mẹkáníìkì àdúgbò mọ inú rẹ̀.

A kò gàn ohun titun. Kí ẹni tí ó ní owó tirẹ̀ fi í dán an wò. Kí a sì rán ọmọ wa lọ kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àjọ, owó opó àti alágbàro wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ọ.