Ìpáàrà Lára Mọ́tò

Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá lónìí. Kì í ṣe ti ẹ́ńjìnì rẹ̀, ti ara rẹ̀ ni.

Ìdúmọ̀tà ni mo ti kọ́ ọgbọ́n yìí, nítòsí ẹsẹ̀ afárá Carter, owó ara mi ni mo sì fi kọ́ ọ. Mo ra mọ́tò tòkunbọ̀ kan tó ń dán gbinrin. Kò pẹ́ tí mo rí i pé ọ̀dà ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ kan wú bí irorẹ́. Kò ju orí èékánná lọ. Mo wá ọkùnrin kan tó ń tún ara mọ́tò ṣe lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bọ́dì fílà díẹ̀, ọ̀dà díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀, èmi pàápàá gbàgbé. Nígbà òjò ọdún kejì, mo pa ilẹ̀kùn náà dé, gbì! Fílà já bọ́ sílẹ̀ lódindi, ihò tí mo bá níbẹ̀ gba ọwọ́ mi. Owó ilẹ̀kùn ni mo wá san níbi tí owó ọ̀dà agolo kan ìbá ti tó.

Kí ló fà á? Irin tí omi àti atẹ́gùn bá jọ kàn yóò dógùn-ún. Bí iyọ̀ bá bá wọn pàdé, iṣẹ́ náà á yá sí i. Ọ̀sà ló yí Ìsàlẹ̀ Èkó ká, òkun kò sì jìnnà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí wa lára ń gbé iyọ̀ bọ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló sì ti jẹ iyọ̀ kó tó débí, nítorí ní ìlú olótùútù wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́.

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ dán an wò. Ẹ wá ìṣó mẹ́ta, kì í ṣe ìṣó páànù o, síńkì ni wọ́n fi bo ìyẹn. Ẹ fi ọ̀kan sínú omi lásán, èkejì sínú omi iyọ̀. Ẹ fi gírísì kun ẹ̀kẹta dáadáa kí ẹ tó fi í sínú omi. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ wo èyí tó pọ́n jù.

Ìpáàrà máa ń wú ju irin tó jẹ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń ti ọ̀dà sókè, tí omi á sì rí ibi sá pamọ́ sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé e lórí, ilé ló kọ́ fún un.

Bí ẹ bá rí irorẹ́ náà, ẹ fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ ibẹ̀, kí ó gbẹ. Ẹ fi ìdí sukurudíráfà tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá wọlé, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ̀dà: àwọn ajórin ni yóò gé e, tí wọn yóò fi irin tuntun dípò. Bí irin bá ṣì le, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha á títí yóò fi funfun, kí ẹ sì ha kọjá ibẹ̀ dé ara ọ̀dà tó dára. Kókó pupa kan tí ẹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi tíńà nù ún, kí iná má sì sí nítòsí o! Ẹ má tún fi ọwọ́ kàn án mọ́, òógùn ọwọ́ wa ní iyọ̀. Ẹ kun práímà sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì. Bí ó bá gbẹ, ẹ kun ọ̀dà mọ́tò lé e, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta.

Nǹkan kan kù. Àwọn ihò kéékèèké wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn tí omi òjò ń gbà jáde. Ewé àti ẹrẹ̀ máa ń dí wọn. Ẹ fi igi tínrín là wọ́n. Ẹ ká tìmùtìmù ẹsẹ̀ sókè lẹ́yìn òjò. Bí àgbàrá bá sì bo títì tí ẹ wa mọ́tò gbà á kọjá, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan abẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dàárọ̀ o.