Ìlẹ̀kùn Yunifásítì Ti Ṣí, Ṣùgbọ́n Ta Ni Yóò Wọlé?

Ọ̀rọ̀ tí olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn olùdìbò sọ

 

Ní gbogbo ilé tí à ń wọ̀ láti ìgbà tí ìpolongo yìí ti bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan ni àwọn òbí ń bi wá lemọ́lemọ́: “Ọmọ mi ti jáde ìwé mẹ́wàá, kò sí owó tí a ó fi rán an lọ sí yunifásítì. Wọ́n ní yunifásítì kan wà tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù. Ṣé òótọ́ ni, àbí jìbìtì?”

Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé yín bí ó ṣe ń rí, lẹ́yìn náà ni n ó wá sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni National Open University of Nigeria, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NOUN. Ti ìjọba àpapọ̀ ni. Kò béèrè ìdánwò JAMB lọ́wọ́ ọmọ yín. Ohun tí ó ń béèrè ni kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, kí ó má ju ìjókòó méjì lọ, kí ó sì bá ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà fẹ́ kọ́ mu. Bí wọ́n bá ti gbà á, yóò yan ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò jẹ́ tirẹ̀. Yóò san owó ìforúkọsílẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, yóò san owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó yàn, yóò sì tún san owó ìdánwò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí yóò kà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Yóò fà á sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti ṣe é. Èyí ní máàkì 30 nínú 100. Ìdánwò ló ni 70 tó kù.

Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa o! Wọn kì í ṣe ìdánwò yẹn lórí ibùsùn nílé. Ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ọmọ gbọdọ̀ lọ fúnra rẹ̀, yálà kọ̀ǹpútà ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é tàbí ìwé àti bírò. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá wá bá yín pé kí ẹ mú owó wá, kí òun fún ọmọ yín ní dìgírì láìṣe ìdánwò, olè ni. Ẹ lé e jáde. Kí ẹ tó sanwó fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ẹ ní kí ẹni tó mọ̀wé wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ NUC tí ń ṣàkóso àwọn yunifásítì.

NOUN nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Yunifásítì Ìbàdàn ní tirẹ̀. Yunifásítì Èkó ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti 1974, nígbà tí ìwé ṣì ń gba ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Mọ́rọ̀, kò jìnnà sí Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Àwọn kan a máa fojú tẹ́ńbẹ́lú irú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ dá wọn lóhùn pé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀, ilẹ̀ wa níbí ló wà tí ó fi kàwé gba dìgírì nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò ní 1944 láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn èyí ló tó wọ ọkọ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ amòfin. Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ náà, lẹ́yìn tí ó ti ṣe olórí ìjọba lẹ́ẹ̀mejì, NOUN ló forúkọ sílẹ̀ sí, tí ó sì gba oyè Dókítà nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní January 2018, nígbà tí ó ti pé ẹni 80 ọdún. Kí ló wá kù tí wọ́n fẹ́ wí?

Ẹ wá gbọ́ ìtàn kan kí ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìbò ni. July 1983 ni ìjọba Alhaji Shehu Shagari dá yunifásítì yìí sílẹ̀. Kò tíì pé ọdún kan, ìjọba ológun dé, wọ́n sì fi gègé tì í pa ní April 1984. Ó wà ní títì títí di 2001 kí ìjọba alágbádá tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí i dìde. Ọdún 17! Ẹ ṣírò iye ọmọ tálákà tí ìyẹn fi sílẹ̀ sí àárín ọ̀nà. Ẹni tó bá ní ìjọba kò kan òun, ìjọba ti kàn án kí ó tó jí.

Lónìí, ìlẹ̀kùn náà ṣí. Àwọn tó wà lórí àga wá ń fi yangàn. Wọ́n ní, “Yunifásítì ti wà nínú fóònù yín, kí lẹ tún ń fẹ́?” Ẹ̀yin ará, ṣé fóònù ń jẹ afẹ́fẹ́ ni? Ní January 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó kún owó wọn, títí dé ìdajì iye tí à ń san tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ń ra dátà láti kàwé, òun náà ló ń san án. Iná ńkọ́? Ọmọ tí fóònù rẹ̀ kú ní alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ àṣetiléwá ń parí, ta ni yóò bá a bẹ yunifásítì? Ní abúlé mìíràn, àfi kí ènìyàn gun orí òkè kó tó rí nẹ́tíwọ̀kì. Bí àsìkò ìdánwò bá dé, ọmọ yẹn yóò tún wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú tí ibùdó wà. Owó mọ́tò lọ, owó mọ́tò bọ̀, nígbà mìíràn owó ibi tí yóò sùn. Owó tí ẹ̀yin òbí sá fún ní ẹnu ọ̀nà iwájú ló tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. NOUN ní ibùdó nínú àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń kàwé níbẹ̀, wọ́n ń gba dìgírì. Ohun rere ni, mo kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n bí yunifásítì bá lè wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ló dé tí kò lè wọ ìlú yín? NOUN a máa gba ibùdó tí ará ìlú bá pèsè. Ìjọba tó bá fẹ́ ṣe é yóò ṣe é.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi ń sọ ohun mẹ́ta. Èkíní, iyàrá ìkàwé kan ní olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iná sólà, kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́. Èkejì, kí ìjọba máa san owó ìdánwò fún ọmọ tálákà tí ó bá yege ní sáà tó ṣáájú. Ẹ̀kẹta, kí a bá NOUN sọ̀rọ̀, kí ibùdó ìdánwò súnmọ́ ìgbèríko.

Bí àwọn alátakò wa bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun mẹ́ta yìí. Ẹ má gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn kí ẹ sì gbàgbé ìbéèrè. Ìrẹsì ò kọjá ọjọ́ méjì; ìwé ọmọ yín yóò bá a dọ́jọ́ alẹ́. Àwa náà ńkọ́? Bí ẹ bá fi wá síbẹ̀ tí a kò sì ṣe é, ìwé ìròyìn yìí wà lọ́wọ́ yín. Ẹ pa á mọ́, kí ẹ fi lé wa lọ.

Ẹ gba káàdì ìdìbò yín. Ẹ tètè dé ibùdó ìdìbò. Ẹ dúró kí wọ́n ka ìbò lójú yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

 Àwa ni ẹ ó dìbò fún!