Ìkirè, Àpòmù àti Ọjà Tó Dá Ogun Sílẹ̀

 

Ní Ajẹntínà, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Cafayate. Ẹni tí kò débẹ̀ rí, tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, wáìnì ló máa wá sí i lọ́kàn. Bí tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Kí n sáà ti ní ọmọ Ìkirè ni mí, wọ́n á ní, "Dòdò dà?"

Mi ò bínú. Dòdò náà dùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tí ẹlòmíràn á ti jù nù, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á gún un mọ́ ata, iyọ̀ àti àlùbọ́sà, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí táá fi dúdú. Ewé ni wọ́n ń fi wé e tẹ́lẹ̀, náílọ́ọ̀nù ló pọ̀ báyìí. Nǹkan tó fẹ́ bàjẹ́ ni àwọn ìyá wa sọ di orúkọ ìlú.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí dòdò. Àpòmù kò jìnnà sí Ìkirè rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Akirè ló ni Ìkirè, Alápòmù ló ni Àpòmù, ìjọba ìbílẹ̀ wọn sì yàtọ̀, Ìrẹ́wọlé àti Ìsọ̀kan. Ilẹ̀ igbó nibí, ilẹ̀ kòkó. Ṣùgbọ́n ọ̀dàn kò jìnnà sókè, ọ̀nà etí òkun sì wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọjà Àpòmù fi gbayì láyé àtijọ́: ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé.

Ọjà yẹn náà ni wọ́n ti ń ta èèyàn. Wọ́n ń jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tó wá nájà gbé, wọ́n ń tà wọ́n. Oníkòyí àti Tóyèjẹ ti Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sí Olówu pé kó dá a dúró. Òwu bá kọlu àwọn ìlú Ifẹ̀ lágbègbè yìí, Àpòmù àti Ìkirè wà nínú wọn. Lẹ́yìn náà, Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ìjà kan ṣẹlẹ̀ lọ́jà Àpòmù láàárín ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú. Lórí kí ni? Ataare! Ataare owó táṣẹ́rẹ́.

Ìjẹ̀bú bá dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀. Ìbọn wà lọ́wọ́ Ìjẹ̀bú, idà ni Òwu gbójú lé. Wọ́n sàga ti Òwu fún ọdún bíi mélòó kan, ìlú náà sì fọ́ ní nǹkan bí ọdún 1820 sí 1825. Àwọn jagunjagun kan náà ló wá jókòó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829. Ọ̀pọ̀ ará Òwu bá àwọn Ẹ̀gbá lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ gbọ́ bí?

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún wa. Ìgbà tí mo bi ìyá àgbà mi, wọ́n ní kí n má sọ ọ́ lórí rédíò, pé ó máa ń ti àwọn lójú pé ọwọ́ àwọn ará ibí náà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní, "Ìyá, kì í ṣe rédíò, orí fóònù ni." Wọ́n ní, "Èyí tiẹ̀ wá burú jù!"

Ìyá àgbà, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ má bínú. Ẹ bá mi fi dòdò méjì pamọ́, mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.