Orúkọ Ara Ìgò àti Owó Àpò Wa



Ní 1964, olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Ralph Allison àti Kenneth Uhl, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn amutí tó ju 300 lọ ní bíà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ bébà orúkọ kúrò lára ìgò. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ èyí tí í ṣe ààyò wọn mọ́. Nígbà tí orúkọ padà sára ìgò, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí yin tirẹ̀.

Orúkọ rere kì í ṣe ohun àbùkù. Ẹni tó ti ń ṣe ọjà dáadáa láti ọdún pípẹ́, orúkọ yẹn ti di ohun ìní fún un, bí ilé àti ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n owó ìpolówó rẹ̀, àpò àwa oníbàárà ló ti ń jáde.

Nísinsìnyí tí a ti mọ̀wé, ẹ má jẹ́ ká ka orúkọ nìkan. Bí a bá rí oògùn ẹ̀fọ́rí méjì, tí wọ́n kọ Paracetamol 500 mg sára méjèèjì, tí nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, tí ọjọ́ wọn kò sì tíì kọjá, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, bí ọ̀kan tilẹ̀ wọ́n ju èkejì lọ.

Ẹ jẹ́ ká máa kà á ká tó sanwó.