Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Ṣàlàyé

Lónìí, ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú ara mi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ní kí n wá kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà kan bí wọ́n ṣe lè dá àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú mọ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà dání, mo sì sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀ gbáko. Àwọn màmá ń mi orí, wọ́n pàtẹ́wọ́, inú mi dùn délé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú wọn gbé àpò ìrẹsì méjì fún oníbàárà tó fi àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ránṣẹ́ sí wọn. Mo pè wọ́n láti bá wọn kẹ́dùn. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ dùn létí lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ mi ò mọ̀ pé ohun tí ò ń wí nìyí.”

Ó dùn mí wọra. Èmi sọ̀rọ̀, àmọ́ wọn ò kẹ́kọ̀ọ́.

Ni mo bá lọ kà nípa Paulo Freire, ọmọ ìlú Recife ní Brazil. Lọ́dún 1963, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ́ nǹkan bí 300 òṣìṣẹ́ ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nílùú Angicos, láàárín nǹkan bí 40 wákàtí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ ni ọ̀nà ìkọ́ni rẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú “tijolo”, ìyẹn bíríkì. Wọn á kọ́kọ́ jíròrò lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́, kí wọ́n tó gé ọ̀rọ̀ náà sí ti, jo, lo. Freire fi olùkọ́ tó kàn ń dá sọ̀rọ̀ wé ẹni tó ń kó owó sí báńkì: ó ń kó o sínú akẹ́kọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń gbà á.

Mo padà sọ́jà náà láìgbé kọ̀ǹpútà. A jókòó yípo, mo béèrè pé, “Ẹ̀yin màmá mi, ta ni wọ́n ti fi àlẹ́ẹ̀tì lù ní jìbìtì rí?” Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Èmi tí mo ń fi ẹnu jẹun, ó nira fún mi láti dákẹ́, àmọ́ mo dákẹ́. Màmá oníresì ló kọ́kọ́ la ẹnu. Bí wọ́n ṣe parí, ọwọ́ ń nà sókè. Màmá aláta kan ní àwọn máa ń wo iye tó wà nínú àkáǹtì kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Òmíràn ní, “Tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá wá sí ńkọ́?” Wọ́n jiyàn títí, wọ́n sì fẹnu kò: bí owó ò bá tíì hàn nínú àkáǹtì, ọjà ò ní kúrò.

Iṣẹ́ tèmi ò ju kí n béèrè, kí n rí i pé ẹnì kan ò gba ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn yòókù lẹ́nu, kí n sì fi ohun tó kù kún un: pé ẹlòmíràn lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báńkì ránṣẹ́.

Mi ò ní ká má ṣàlàyé o. Àsìkò àlàyé wà. Àmọ́ àgbàlagbà tó ti ná ọjà fún ọgbọ̀n ọdún kì í ṣe ìgbá òfìfo. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ojú wọn ti rí, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́.

Ó dìgbà kan ná o.