Ilé Tí Ń Sọ̀rọ̀ fún Àlejò

Ibi ìgbafẹ́ tí a bá fẹ́ kí àlejò máa rántí, ilé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ irú ìlú tí ó dé fún un. Àwọn baba wa ní Èkìtì mọ èyí dájú. Láàárín ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tí kò jìnnà sí Adó. Lára òpó, ọba gúnwà, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lára ilẹ̀kùn, òyìnbó ń bọ̀ wá kí ọba. Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, àlejò ti mọ̀ pé ààfin ni òun wà.

Ní ọdún 1924, a fi ilẹ̀kùn náà hàn ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ògògà kò tà á, ṣùgbọ́n ó gba ìtẹ́ tí àwọn òyìnbó ṣe dípò rẹ̀. British Museum ni ilẹ̀kùn náà wà lónìí; òpó kan wà ní Chicago.

Nítorí náà, bí a ó bá kọ́lé fún àlejò ní Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rí bí ilé ibòmíràn. Ẹ pe àwọn agbẹ́gi Èkìtì, kí wọ́n gbẹ́ òpó rẹ̀.