Ibo ni "it" máa jókòó sí?

Gẹ̀ẹ́sì la máa sọ̀rọ̀ lé lónìí: ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti ń mú ọ̀rọ̀ kékeré mọ́ra, bíi "turn off" àti "look after".

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹ lè sọ pé "turn off the light". Ẹ lè sọ pé "turn the light off". Méjèèjì ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n tí "it" bá ti rọ́pò iná, àárín nìkan ló lè wà: "turn it off". Kò sí ẹni tó ń sọ pé "turn off it". Ó jọ "bàjẹ́" tiwa: a kì í sọ pé "mo bàjẹ́ aṣọ". "Mo ba aṣọ jẹ́" ni.

"Look after" kò gbà bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. "Look after it" ni, kò ṣeé là láàárín. Kí ló fà á? "Off" yẹn, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni. "After" yìí, ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni.

Ẹ má kàn há a sórí o! "Off" kan náà ló di ọ̀rọ̀-atọ́kùn nínú "fall off the ladder".

Torí náà, ẹ fi "it" dán an wò. Tó bá wọ àárín, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ni. Tó bá dúró sẹ́yìn, ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni.